Ohun tí wọ́n ń fi owó gọbọi rà nínú agolo ní Àpápá, ìyá ẹlẹ́wà ń gbé e kiri l'Ájégúnlẹ̀!

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe eré lásán l'Ájégúnlẹ̀, kó jí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kó rìn láti apá Boundary lọ sí ibi tí pápá Maracana wà, kó sì tún yọjú sí àwọn gbàgede tó wà láàárín àwọn ilé-ìwé Tolu. Ilẹ̀ ò ní í tíì mọ́ tán tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún yóò ti máa sáré kiri, kóòṣì á máa fun fèrè, á máa bú wọn, á tún máa yìn wọ́n. Nígbà tí oòrùn bá fi máa mú, aṣọ ọrùn gbogbo wọn á ti rin gbindin fún òógùn. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, nítorí ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi ara wọn bí wọ́n bá ti jókòó: kí la máa jẹ?

Ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ á ra mọ́ọ̀tì, á da mílíìkì inú agolo sí i, á ní ẹ̀jẹ̀ ti wọlé sára òun nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní, á mu omi inú ọ̀rá, á gba ilé lọ, á lọ bá ẹ̀bà àná. Àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ti wọ ẹnu àwọn ọmọ náà báyìí. "Powder" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní lágbájá tó ti rí kíláàbù sí òkè òkun, powder ló ń mu tó fi ki pọ́pọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn. Wọ́n á ní ẹni tí kò bá mu powder, bí wọ́n bá fi èjìká kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilẹ̀ ló ń lọ.

Ìyẹ̀fun púrótéènì ni wọ́n ń sọ. Inú agolo ńlá tàbí ike ló máa ń wà, wọ́n á sì ya àwòrán ọkùnrin tí iṣan ara ẹ̀ yọ gànmùganmu sí i lára. Bí ọmọ Ajégúnlẹ̀ bá fẹ́ fojú rí i, àfi kó sọdá sí Àpápá, kó wọ àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì tí àwọn olówó ti ń rajà, nítorí ìyá onípẹtẹrí ọjà Boundary kò ní irú ẹ̀ lórí igbá. Mílíìkì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, èyí tí wọ́n fi nǹkan ọ̀gbìn ṣe ti gorí àtẹ. Wọ́n á ya ewé sí i lára, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí ẹran, kò sí mílíìkì, ohun tó hù látinú ilẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Owó orí ẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré, pàápàá láti June 2023 tí ìjọba ti tú okùn ọrùn náírà sílẹ̀ pé kó máa bá dọ́là jà fúnra ẹ̀. Agolo kan ṣoṣo lè gba owó tí bàbá tó ń ṣe lébìrà ní wọ́ọ̀fù fi ń bọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn ọmọ náà ya wèrè. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Hector Bellerin, tó gbá ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún fún Arsenal, sọ fún gbogbo ayé pé òun ò jẹ ẹran mọ́, ohun ọ̀gbìn nìkan lòun ń jẹ. Novak Djokovic tó ń gbá tẹníìsì náà sọ bẹ́ẹ̀. Kódà kíláàbù kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Forest Green Rovers lorúkọ ẹ̀, láti ọdún 2015 ni wọ́n ti lé ẹran àti mílíìkì jáde nínú pápá wọn, àtagbábọ́ọ̀lù àtolùwòran, kò sẹ́ni tó ń rí ẹran rà níbẹ̀. Bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá gbọ́ èyí, kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ pé agolo tí wọ́n ya ewé sí lára yẹn ni ọ̀nà.

Kí wá ló wà nínú agolo náà gan-an? Èyí tó pọ̀ jù, ẹ̀wà ni. Kì í ṣe ẹ̀wà olóyin o, yellow peas ni, ìbátan green peas tí wọ́n máa ń dà sínú ìrẹsì díndín níbi ìnáwó. Wọ́n á gbẹ ẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á yọ èèpo àti síítáàṣì inú ẹ̀ kúrò, wọ́n á wá fi adùn àti òórùn ṣokoléètì sí èyí tó kù kó má baà máa rùn bí ẹ̀wà. Àwọn mìíràn, ṣóyà ni wọ́n fi ṣe é, tàbí kí wọ́n fi ìrẹsì kún un. Ṣíbí ìwọ̀n tó máa ń wà nínú agolo yẹn, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀ kan sábà máa ń gbé bíi 20 sí 25 gíráàmù púrótéènì.

Ó dáa. Ó wá ku ìyá ẹlẹ́wà.

Kò sí àdúgbò kan l'Ájégúnlẹ̀ tí wọn kì í ti í gbọ́ ohùn ẹ̀ láàárọ̀. Á gbé ìkòkò ẹ̀wà lérí, ata dúdú tó ti fi epo dín kanlẹ̀ á wà nínú ìkòkò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, búrẹ́dì á wà nínú ọ̀rá. Àwọn obìnrin tó ti ilẹ̀ Togo àti Benin wá ni wọ́n mú oúnjẹ náà wọ Èkó, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní ẹ̀wà àgànyìn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápá dé á dọ̀bálẹ̀ ìdajì, á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù ú kó pọ̀ díẹ̀, mà." Ìyá náà á ní, "Ọmọ mi, ẹ̀wà ti wọ́n o! Ṣé kí n fi búrẹ́dì sí i?"

Ohun tí ọmọ náà kò mọ̀ ni pé bí wọ́n bá gbé ẹ̀wà gbígbẹ 100 gíráàmù sórí òṣùwọ̀n, bíi 23 gíráàmù inú ẹ̀ ló jẹ́ púrótéènì. Bí wọ́n bá sè é, á kún àwo kan dáadáa. Àwo ẹ̀wà kan nìyẹn, ṣíbí ìyẹ̀fun kan nìyẹn, ọgbọọgba ni wọ́n. Dérìcà ẹ̀wà kan tí wọ́n ń wọ̀n ní ọjà Boundary, ó máa tó ìwọ̀n ṣíbí mẹ́fà, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀pà náà ò kẹ̀rẹ̀, nítorí 100 gíráàmù ẹ̀ ní bíi 25. Ẹ̀gúsí ju ìyẹn lọ díẹ̀. Ṣóyà ni ọ̀gá gbogbo wọn, ó ń lọ sí 36. Gààrí ńkọ́? Gààrí 100 gíráàmù kò ní gíráàmù méjì nínú. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú omi ọbẹ̀ lásán, inú ẹ̀ á kún, àmọ́ iṣan ẹsẹ̀ tó fi gbá bọ́ọ̀lù kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé ara kì í lo púrótéènì inú ẹ̀wà tán bíi ti èyí tí wọ́n ti lọ̀ nínú agolo. Òótọ́ sì ni pé ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà àjẹyó, tó sáré lọ sí orí pápá lójú ẹsẹ̀, ohun tí ojú ẹ̀ máa rí, ojú àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù náà máa rí i, imú wọn gan-an á jẹ́rìí sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá àtijọ́ fi máa ń rẹ ẹ̀wà sínú omi, tí wọ́n á da omi náà nù kí wọ́n tó gbé e kaná. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń jẹ ẹ̀wà, kì í ṣe kó ku wákàtí kan.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń polówó ìyẹ̀fun máa ń fi yangàn. Wọ́n á ní àwọn po yellow peas pọ̀ mọ́ ìrẹsì kó lè pé. Kí ló ń jẹ́ kó pé? Púrótéènì dà bí ilé tí wọ́n fi oríṣi búlọ́ọ̀kù ogún mọ. Mẹ́sàn-án nínú ogún yìí, ara èèyàn kò lè dá a ṣe fúnra ẹ̀, àfi kó rí i nínú oúnjẹ. Lysine wà lára àwọn mẹ́sàn-án náà, ó sì pọ̀ nínú ẹ̀wà gan-an. Methionine náà wà lára wọn, ẹ̀wà kò fi bẹ́ẹ̀ ní i. Ìrẹsì àti àgbàdo ló wá ní ọ̀kan kejì yìí, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ kò tó nínú wọn. Bí wọ́n bá jọ wọ ikùn kan náà lọ́jọ́ kan náà, ohun tí èyí kò ní, ìyẹn á ní in. Ta ni kò wá mọ̀ pé àdàlú nìyẹn? Ẹ̀wà àti àgbàdo nínú ìkòkò kan. Àkàrà àti ògì ni, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ ni, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí ọmọ ilé-ìwé ń jẹ ni. Àwọn ìyá tó ń sè é láti ọjọ́ pípẹ́ kò mọ lysine, wọn kò mọ methionine, wọn ò sì polówó ẹ̀ lórí tẹlifíṣàn.

Ẹ wo àwọn tí Ajégúnlẹ̀ ti fún Nàìjíríà ná, ká tiẹ̀ gbé ti orin àti gàlálà tì. Samson Siasia, tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé Argentina ní ìdíje àgbáyé ti 1994. Emmanuel Amuneke, tó gbá méjèèjì wọlé nígbà tí Nàìjíríà fi 2–1 na Zambia ní Tunis lọ́jọ́ kẹwàá oṣù April 1994, tí wọ́n fi gba ife Áfíríkà, òun náà ló tún gbá èyí tó já góòlù Olympics lé Nàìjíríà lọ́wọ́ ní Atlanta ní 1996. Odion Ighalo, tó gbá bọ́ọ̀lù márùn-ún wọlé ní Egypt ní 2019, tí kò sẹ́ni tó gbá tó o nínú ìdíje Áfíríkà ọdún náà, tó sì lọ sí Manchester United lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Siasia àti Amuneke ń dàgbà ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, kò sí àtẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ya ewé sí lára ní súpámákẹ́ẹ̀tì kankan.

Amuneke yìí kan náà ni kóòṣì àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ tó gba ife àgbáyé ní Chile ní 2015. Victor Osimhen, ọmọ Olúsosùn tó ti ta omi inú ọ̀rá láàárín ọkọ̀ l'Ékòó rí, gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá wọlé níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ eléré yàtọ̀ sí ti àgbàlagbà. Láti 2009 ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ tó bá fẹ́ gbá ìdíje yìí, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń pa irọ́ ọjọ́ orí. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá egungun náà ti dì pọ̀ tán tàbí ó ṣì ń gùn. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòótọ́, egungun ẹ̀ ṣì ń gùn lọ́wọ́, iṣan ẹ̀ ń nà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó sì tún ń sáré nínú oòrùn fún wákàtí méjì lójúmọ́. Iṣẹ́ méjì ni oúnjẹ kan ṣoṣo ń ṣe lára ẹ̀. Bí oúnjẹ kò bá tó, ọ̀kan nínú iṣẹ́ méjèèjì ló máa dúró.

Èló ló wá tó? Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ oúnjẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Kánádà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn eré ìdárayá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé eléré ìdárayá nílò púrótéènì bíi 1.2 sí 2.0 gíráàmù lójúmọ́ fún kílò ara ẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá wúwo tó 60 kílò, 72 gíráàmù ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò sì nílò ju 120 lọ. Bí ọmọ náà bá jẹ àkàrà tó pọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ògì láàárọ̀, bíi 23 nìyẹn. Bó bá jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà pẹ̀lú ẹyin kan lọ́sàn-án, ó ń lọ sí 29. Bó bá ti pápá dé, tó rẹ gààrí, tó fi ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà méjì sí i, 12 míì tún dé. Bó bá wá fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹja ṣáwá kan jẹ ẹ̀bà lálẹ́, 26 tún wọlé. 90 gíráàmù ti pé, kò sì ra agolo kankan.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ yẹn ló ń rí gbogbo ìwọ̀nyẹn jẹ lójúmọ́ kan? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wá sí pápá láìfi nǹkan kan kan ẹnu, tí wọ́n á sì dúró di ọ̀sán. Ọmọ tí kò jẹun kánú, tó wá ń da ìyẹ̀fun púrótéènì sínú omi, kò yàtọ̀ sí ẹni tí igi ìdáná tán lọ́wọ́ ẹ̀, tó wá ń la àga ilé láti fi dáná. Ara á kọ́kọ́ wá agbára tó máa fi sáré, bí kò bá rí i nínú gààrí tàbí ìrẹsì, púrótéènì olówó iyebíye yẹn ló máa jó. Ìyẹn ni gààrí kì í fi í ṣe ọ̀tá eléré, dídá jẹ ẹ́ ni kò dáa. Ẹni tó bá sì ń jẹun tó, tó tún ń mu ìyẹ̀fun lé e, èyí tó lé yẹn kò ní í di iṣan, ara á fi dáná tàbí kó sọ ọ́ di ọ̀rá. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń sọ fún àwọn òbí pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ eléré kò nílò ìyẹ̀fun púrótéènì bí wọ́n bá ti ń jẹun dáadáa.

Ewu tún wà nínú agolo fúnra ẹ̀. Ilé àyẹ̀wò kan ní Cologne, ní Jámánì, ra oríṣi àfikún oúnjẹ 634 ní orílẹ̀-èdè mẹ́tàlá, àjọ Olympics ló gbé owó iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2004, 94 nínú ẹ̀ ló ní oògùn agbára tí wọ́n ti fòfin dè, tí wọn kò sì kọ ọ́ sára agolo. Òfin eré ìdárayá àgbáyé kò sì mọ "mi ò mọ̀". Ohunkóhun tí wọ́n bá bá nínú ìtọ̀ eléré, òun ló ni ín. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó bá ti ń fojú sí kíláàbù òkè òkun lè fi agolo kan ba ọ̀nà ara ẹ̀ jẹ́ kí ọ̀nà náà tó là.

Ti èyí tí wọ́n fi nǹkan ọ̀gbìn ṣe tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ní October 2025, Consumer Reports, iléeṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò ọjà fáwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, gbé èsì ìyẹ̀fun àti ohun mímu púrótéènì 23 jáde. Òjé ni wọ́n ń wá nínú wọn, wọ́n sì rí i. Èyí tí wọ́n fi ohun ọ̀gbìn ṣe ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, tí wọ́n bá pín in dọ́gba, ó tó ìlọ́po mẹ́sàn-án èyí tó wà nínú ti mílíìkì. Igi àti ewé máa ń fa òjé látinú ilẹ̀, bí wọ́n bá sì fún ẹ̀wà tó pọ̀ di ìyẹ̀fun díẹ̀, òjé náà á fún pọ̀ síbẹ̀. Òjé kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ọpọlọ ọmọ tó ṣì ń dàgbà. Ẹni tó bá ṣáà fẹ́ rà á, kó wo nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀ kó tó yọ owó. Agolo tí wọ́n kó wọlé nínú báàgì, tí wọ́n ń tà lábẹ́ àga ní jíìmù, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Kí àwọn ẹlẹ́wà má tíì máa yọ̀ o. Ẹ̀wà náà ní ẹ̀sùn tiẹ̀. Ní June 2015, ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, wọ́n sì ń sún òfin náà síwájú títí wọ 2022. Oògùn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Sniper, tí àwọn oníṣòwò kan máa ń fín sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta èyí tó wà nínú ìgò kékeré mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá kan fi ń sọ l'ọ́jà pé ẹ̀wà tí kòkòrò wà nínú ẹ̀ lòun fẹ́, nítorí ibi tí kòkòrò bá lè gbé, èèyàn náà lè jẹ níbẹ̀. Ọgbọ́n ọjà ni, kò dájú tán. Kéèyàn mọ ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀, kó rẹ ẹ́, kó fọ̀ ọ́ dáadáa, kó da omi àkọ́kọ́ nù. Ó ti wá ní àpò kan tó ní ọ̀rá méjì nínú, tí wọ́n ń pè ní PICS, afẹ́fẹ́ kì í wọ inú ẹ̀, kòkòrò á sì kú fúnra ẹ̀ láìsí oògùn. Àwọn alágbàtà tó bá ń lò ó ló yẹ kéèyàn máa bá nájà.

Èyí tó dun àwọn ìyá jù ni owó. Orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀wà jù láyé ni Nàìjíríà, síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àjọ NBS tó ń ka iye ọjà fún ìjọba ṣe kọ ọ́, kílò ẹ̀wà pupa kan tó jẹ́ bíi 790 náírà ní October 2023 ti di bíi 2,800 náírà ní October 2024. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ láàárín ọdún kan! Ẹran tálákà ni wọ́n ń pe ẹ̀wà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yẹn, tálákà ń wo ẹ̀wà bó ṣe ń wo ẹran. Bí ìyá ẹlẹ́wà ṣe wá ń bu ṣíbí kan níbi tó ti ń bu méjì, iṣan ẹsẹ̀ ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló ń fi dín.

Ibẹ̀ ni ṣóyà ti wọlé. Ní 1908 ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín wò ní Moor Plantation, n'Íbàdàn, kó tó wá fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Benue ní àwọn ọdún 1930. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ń wò ó bí oúnjẹ adìẹ. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn IITA n'Íbàdàn jáde, tí wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe lè fi ṣe mílíìkì, bí wọ́n ṣe lè fi sínú mọ́ínmọ́ín, bí wọ́n ṣe lè fi ṣe irú dípò igbá. Àwọn FIIRO ní Òṣòdì náà ti po ó mọ́ ògì, wọ́n ń pè é ní Soy-Ogi. Ìyẹ̀fun púrótéènì tí wọ́n fi nǹkan ọ̀gbìn ṣe ni ìyẹn náà, Òṣòdì ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń wá powder kiri kò sì gbọ́ ọ rí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe mílíìkì ṣóyà kò le. Wọ́n á rẹ ẹ́ mọ́jú, wọ́n á bó èèpo ẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá sè é. Sísè yẹn ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ṣeré: kó hó dáadáa fún bí ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, nítorí ohun kan wà nínú ṣóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ara lọ púrótéènì, iná nìkan ló ń pa á. Èyí tí wọ́n bá fi omi kíkan dì, tí wọ́n wá dín, ni àwọn Hausa ń pè ní awara, táwọn Yorùbá ń pè ní wàrà ṣóyà. Wọ́n ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà, pẹ̀lú ata gígún. Ọmọ tó bá ti pápá dé, tó jẹ márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ẹ̀, kò jẹun ṣòfò.

Àwọn kan á ní ewé mọ̀ríńgà ńkọ́? Ewé tó dáa ni, kò sẹ́ni tó ní kò dáa, àmọ́ ṣíbí ìjẹun kan tí wọ́n gún kúnná kò ní ju bíi gíráàmù méjì lọ. Ta ló lè jẹ ṣíbí mẹ́wàá? Pọ̀nmọ́ wá ńkọ́? Pọ̀nmọ́ kì í ṣe ohun ọ̀gbìn, ṣùgbọ́n nítorí pé l'Ájégúnlẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ń pè ní ẹran, ó yẹ kó wọ ọ̀rọ̀ yìí. Awọ ni. Ọ̀kan nínú búlọ́ọ̀kù mẹ́sàn-án yẹn kò sí nínú púrótéènì awọ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ fi pọ̀nmọ́ nìkan di Ighalo, ọ̀nà ẹ̀ jìn.

Àpápá ló wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ pani lẹ́rìn-ín. Ní 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èbúté ibẹ̀, títí di òní sì ni tírélà ń tò wọ̀ ọ́. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ń kó ṣóyà táwọn àgbẹ̀ òkè ọya gbìn gba èbúté Èkó lọ sókè òkun. Àwọn agolo ìyẹ̀fun náà ń gba orí omi kan náà wọlé. Kò sẹ́ni tó lè búra pé ṣóyà tó lọ ló padà wá, ṣùgbọ́n bàbá tó ń ru àpò sínú ọkọ̀ ní ìwọ̀n náírà, ọmọ ẹ̀ ló ń fi ìwọ̀n dọ́là wá agolo kiri.

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ìyá ẹlẹ́wà á tún gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá pẹ̀lú èyí tó kù nínú ìkòkò. Àwọn ọmọ méjì tàbí mẹ́ta á dá owó jọ, wọ́n á ra àwo kan, wọ́n á jókòó yí i ká lórí àpáta búlọ́ọ̀kù. Ìyá náà á fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò, á fi èyí tó rí níbẹ̀ kún un fún wọn, kò ní í gba owó ẹ̀. Á ní kí wọ́n jẹ ẹ́ kíákíá kó má tutù, kí wọ́n sì dá àwo òun padà.